Ìlú Wo Ni Wọ́n Ti Ṣe Ìbọn Gígùn Yìí?

Òǹkàwé kan tí ó ń gbé ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra ìbọn àtijọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé kan. Ẹni tí ó tà á fún mi sọ pé ìbọn Kentucky ni, pé wọ́n ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1770, àti pé Ketland ni ẹni tí ó ṣe é, nítorí pé orúkọ náà ni ó wà lára ẹ̀rọ rẹ̀. Igi rẹ̀ ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ara kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Idẹ kan wà lára ìdí rẹ̀ tí ó ń ṣí bí ọmọrí àpótí, orí idẹ náà sì rí bí òdòdó. Mo wọ̀n ọ́n, ó gùn tó ínṣì 59 láti ìdí dé ẹnu. Báwo ni mo ṣe lè mọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é?"

Ìbéèrè yín dùn mọ́ mi, nítorí pé ìlú ni ẹ bèèrè, ẹ kò bèèrè iye owó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn lára ìbọn náà, ẹ yẹ inú àgbá rẹ̀ wò. Àwọn kan wà nínú irú ìbọn báyìí tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri láti ayé àwọn baba ńlá pẹ̀lú ẹtù àti ọta nínú wọn, ẹtù dúdú kì í sì í tètè kú bí omi kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ti ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu àgbá títí yóò fi dúró, ẹ sàmì sí ibi tí ọ̀pá náà ti pàdé ẹnu àgbá, kí ẹ fà á yọ, kí ẹ wá tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ àgbá níta, kí àmì náà wà ní ọ̀gangan ẹnu. Bí orí ọ̀pá kò bá dé ibi ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé bá ẹtù, nǹkan wà nínú ìbọn náà. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti yọ ọ́ fúnra yín. Ẹ wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìbọn ẹtù dúdú.

Orúkọ méjì tí ẹni tí ó ta ìbọn náà dá fún yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tú palẹ̀. Ti Kentucky ni kí a fi ṣáájú. Púpọ̀ jù nínú àwọn ìbọn wọ̀nyí kì í ṣe ará Kentucky. Pennsylvania ni orírun wọn, pàápàá Lancaster àti àwọn agbègbè tí ó yí i ká, níbi tí àwọn ará Jámánì àti Switzerland ti tẹ̀ dó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn ọdẹ tí ó ré kọjá àwọn òkè Appalachia lọ sí Kentucky ni wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, òkìkí wọn sì kàn kálẹ̀ lẹ́yìn ogun New Orleans ti oṣù kìíní ọdún 1815, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ibi tí wọ́n gbé ìbọn lọ ṣe bo orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣe é mọ́lẹ̀. Ní ti Ketland, oníṣòwò ìbọn ní Birmingham, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ìdílé náà, ẹ̀rọ ìṣáná ìbọn wọn sì wọ Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ yanturu. Oníbọn kan ní Pennsylvania lè gbẹ́ igi, kí ó da idẹ, kí ó fín ọnà sí i, síbẹ̀ kí ó ra ẹ̀rọ lọ́jà, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀rọ a máa jẹ àkókò púpọ̀. Nítorí náà, orúkọ ara ẹ̀rọ ń sọ ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ. Kò sọ ẹni tí ó ṣe ìbọn. Orí àgbá, ní ojú tí ó kọjú sókè, ni oníbọn máa ń fín orúkọ tirẹ̀ sí, bí ó bá fín in rárá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fín nǹkan kan.

Ẹni tí ó ti rí ṣakabùlà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ilé wa kò lè ṣe àjèjì sí ẹ̀rọ yìí: òòlù tí ó fi ẹnu gbá akọ òkúta mú, irin tí òkúta náà ń ha kí iná tó ṣẹ́, àti àwo kékeré tí ẹtù ìfinásí ń jókòó sí. Inú àgbá ni wọ́n ti yàtọ̀. Inú ṣakabùlà a máa dán bọ̀rọ́, ṣùgbọ́n inú ìbọn gígùn Amẹ́ríkà ní ìlà tí ó lọ́ yípo láti ìdí dé ẹnu, tí ó ń mú kí ọta máa pòòyì bí ó ti ń jáde, kí ó lè lọ tààrà sí ibi tí a fi sùn. Kí ọta lè gbá ìlà wọ̀nyí mú, àkísà tí wọ́n fi ọ̀rá pa ni wọ́n fi ń wé e kí wọ́n tó ki í bọlẹ̀. Irú àkísà yẹn ni wọ́n ń kó sínú àpótí onídẹ tí ẹ rí ní ìdí ìbọn yín, n ó sì máa pè é ní àpótí àkísà láti ìhín lọ. Ìbọn ọdẹ Jámánì tí wọ́n ń pè ní Jäger ni bàbá gbogbo wọn: ó kúrú, ó sanra, ihò rẹ̀ tóbi, ọmọrí igi tí a ń tì sẹ́yìn ni ó sì wà lára àpótí àkísà rẹ̀. Ní Pennsylvania ni àgbá ti gùn di ínṣì 42 sí 46, tí ihò rẹ̀ ti kéré sí i, kí òjé àti ẹtù má baà tètè tán lọ́wọ́ ọdẹ tí ó jìnnà sí ọjà, tí idẹ sì wá gba ipò ọmọrí igi.

Wàyí o, bí a ṣe ń mọ ìlú. Ohun tí ọdún púpọ̀ nídìí títún àwọn ìbọn wọ̀nyí ṣe fi yé mi ni pé igi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn igi kí ẹ wo idẹ, lẹ́yìn idẹ kí ẹ wo ọnà, kí orúkọ sì gbẹ̀yìn. Ibi tí ó yẹ kí wọ́n parí sí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè fín orúkọ lónìí sára àgbá tí ó ti lo igba ọdún; wọ́n lè tú idẹ kúrò lára ìbọn kan, kí wọ́n kàn án mọ́ òmíràn; ṣùgbọ́n ìrísí ìdí ìbọn, bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe lọ àti bí abẹ́ rẹ̀ ṣe bọ̀, ọwọ́ ọ̀gá ni ọmọṣẹ́ ti ń kọ́ ọ. Ọmọkùnrin tí ó bá wọ ilé iṣẹ́ ní ọmọdé, tí ó sì gba òmìnira ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ti fi ọ̀bẹ àti ìfági tọ ìrísí kan ṣoṣo lọ́pọ̀ ìgbà débi pé ó ti mọ́ ọn lára bí èdè abínibí. Bí ó bá lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún máìlì sí ibẹ̀, èdè yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ yóò máa sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó mọ ère ìbejì ṣe ń dá ti Abẹ́òkúta mọ̀ yàtọ̀ sí ti Ìgbómìnà kí wọ́n tó bèèrè orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Ẹ gbé ìbọn yín sórí tábìlì, kí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀rọ wà kọjú sókè, kí ẹ sì gbàgbé òdòdó orí idẹ náà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ mú rúlà, kí ẹ fi ti ẹ̀yìn ìdí ìbọn, níbi tí ọdẹ máa ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé. Bí rúlà bá lẹ̀ mọ́ igi láìsí àlàfo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí abẹ́ ìdí náà gún bákan náà, tí gbogbo rẹ̀ wá rí bí igun mẹ́ta tí ó ń fẹ̀ lọ sẹ́yìn, ọwọ́ Lancaster ni ẹ ń wò. Jacob Dickert, tí wọ́n bí ní Jámánì ní ọdún 1740, tí ó sì kú ní ọdún 1822, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn oníbọn Lancaster; Peter Gonter àti Melchior Fordney náà wà níbẹ̀. Àpótí àkísà wọn sábà máa ń ní orí bí òdòdó daisy, tí àwọn ewé rẹ̀ yí àárín ká, ilà tí wọ́n fín sí ewé kọ̀ọ̀kan a sì máa mú kí idẹ náà dà bí ẹni pé ó ń tanná. Mo gbà pé ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n òdòdó yìí ni ó ti ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù, ó sì ti ṣi èmi náà lọ́nà rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kọ Lancaster sára ìwé ìbọn kan nítorí òdòdó orí idẹ rẹ̀, n kò fi rúlà kan igi rẹ̀. Ọjọ́ tí a tú àgbá rẹ̀ láti fọ ìpẹtà, tí igi náà dá wà lórí tábìlì, ni mo tó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Berks ni oníbọn náà ti kọ́ṣẹ́. Mo ní láti kọ̀wé sí ẹni tí ó ni ín pé mo ti ṣì í sọ.

Ẹ̀yìn tí ó tẹ̀ yẹn, tí àárín rẹ̀ ga tí orí méjèèjì sì lọ sílẹ̀, ni àwọn olùkójọ ń pè ní imú ará Róòmù. Bí ẹ bá rí i, ẹ ti kúrò ní Lancaster, ẹ ti kọjú sí ìlà-oòrùn, ó lè jẹ́ Berks ní ìtòsí Reading, ó sì lè jẹ́ àfonífojì odò Lehigh ní agbègbè Allentown. Èmi fúnra mi kò mọ ibi tí wọ́n ti gbẹ́ igi ìbọn tí ó wù mí tó ti Lehigh. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, abẹ́ rẹ̀ náà ní ìtẹ̀ díẹ̀, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, bí ẹ bá sì gbé e dání, ẹ ó rò pé ẹja ni, tí ó fẹ́ yí padà nínú odò. Herman Rupp, John Rupp, Peter Neihart àti Jacob Kuntz, ẹni tí ó padà lọ sí Philadelphia, wà lára àwọn tí ó ṣe é. Orí àpótí àkísà wọn sábà máa ń ṣe ṣóńṣó bí orí ọfà. Bí ẹ bá sì dojú ìbọn Lehigh dé, ẹ lè bá orí ènìyàn kan tí wọ́n fi ilà díẹ̀ fín, tí àwọn kan gbà pé orí ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ni, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní orí Òmìnira.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Christian's Spring wà, ní ìtòsí Nazareth, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ Moravian ti dá ilé iṣẹ́ ìbọn sílẹ̀. Andreas Albrecht, tí ó gbé ayé láti 1718 sí 1802, ni ọ̀gá níbẹ̀ kí ó tó kó lọ sí Lititz ní agbègbè Lancaster. Christian Oerter, tí ó gbé ayé láti 1747 sí 1777, ni ó sì gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó sọ Oerter di ẹni iyì lójú àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ni pé ó fín orúkọ rẹ̀ àti ọdún sára àwọn ìbọn rẹ̀ kan, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ oníbọn kò kọ nǹkan kan. Ìbọn tí ó ní ọdún lára ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àwọn tí kò ní. Ọ̀kan nínú wọn, ti ọdún 1775, ni wọ́n jí gbé ní Valley Forge, ní Pennsylvania, ní ọdún 1971, ó sì tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó rí i padà. Ní gbogbo ọdún yẹn, kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́ nìkan ni ó sọnù; òṣùwọ̀n kan ni a kò rí lò.

Àwọn ibòmíràn wà tí àmì kan péré a máa tètè tú àṣírí wọn. Ní Lebanon, Nicholas Beyer a máa ṣe orí àpótí àkísà bí ẹyẹ. Ní Hanover, ní agbègbè York, George Schreyer gbẹ́ igi débi pé ọnà rẹ̀ yọ sókè, tí ẹ lè fi àtàńpàkò tọ ọ̀nà rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ní Emmitsburg ní Maryland tiyín, létí ààlà Pennsylvania, ni John Armstrong wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní débi pé àwọn olùkójọ ń fi í ṣe àpẹẹrẹ. Bedford, ní ìwọ̀-oòrùn Pennsylvania, ni ó rọrùn jù láti mọ̀: ìbọn náà tín-ín-rín láti òkè délẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ gùn, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, òòlù rẹ̀ sì ga lórí ọrùn tín-ín-rín bí ọrùn lékelèke. Níbẹ̀, àwọn oníbọn bíi Peter White àti ìdílé Border kì í sábà gba ẹ̀rọ tí ó ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá; wọ́n ń ṣe tiwọn kí ó lè bá igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà mu.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn, nítorí pé òun ni ó da gbogbo ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Láti Philadelphia, ọ̀nà àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù gba Lancaster àti York kọjá, ó la odò Potomac kọjá, ó wọ àfonífojì Shenandoah ní Virginia, ó sì dé North Carolina. Àwọn ọmọ oníbọn tí kò rí ilẹ̀ rà mọ́ ní Pennsylvania tọ ọ̀nà yìí lọ, wọ́n sì gbé èdè ọwọ́ wọn dání. Nítorí èyí ni ìbọn Winchester, ti Adam Haymaker àti Simon Lauck, fi lè ní ìrísí tí ẹ ó rò pé ẹ ti rí ní Pennsylvania. Àwọn Moravian náà gbé tiwọn dé Salem, ní North Carolina. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà náà ti ń wọ inú òkè lọ, idẹ ń wọ́n, owó ń dín kù, alágbẹ̀dẹ sì ń di oníbọn. Ní Tennessee àti ní àwọn òkè North Carolina, irin ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ohun tí Lancaster ń fi idẹ ṣe. Igi walnut tàbí maple tí kò ní ọnà ni wọ́n ń lò. Ahọ́n irin tí ó wà lẹ́yìn àgbá a máa gùn lọ sẹ́yìn títí yóò fi gun orí ìdí ìbọn. Àpótí àkísà wọn, bí ó bá wà, a máa tẹ́ẹ́rẹ́, a sì tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí kò bá sí, ihò kan ṣoṣo ni wọ́n lu sínú igi tí wọ́n ń kó ọ̀rá sí. Ìdílé Bean ni orúkọ tí ẹ ó máa gbọ́ jù níbẹ̀. Àwọn tí ó ń fojú tín-ín-rín wo ìbọn onírin wọ̀nyí nítorí pé wọn kò dán ń ṣe àṣìṣe ńlá, nítorí ó gba ọgbọ́n púpọ̀ láti fi irin tí a fi ń rọ ìlẹ̀kùn rọ ohun tí ó tínrín tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọdún 1770 tí ẹni náà dá, ẹ wọn ìbú irin tàbí idẹ tí ó wà ní ìdí gan-an, èyí tí ó ń kan èjìká. Àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú ogun òmìnira Amẹ́ríkà a máa fẹ̀ tó ínṣì méjì, a sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ń dín kù sí ínṣì kan ààbọ̀ tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀, ó sì ń tẹ̀ wọnú bí oṣù tuntun. Ogun náà parí ní ọdún 1783, ogójì ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ ọnà ìbọn Pennsylvania dé góńgó. Láti nǹkan bí ọdún 1830 ni fìlà bàbà kékeré, èyí tí òòlù ń gbá kí iná tó ṣẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akọ òkúta, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́ sí ti fìlà. Bí tiyín bá jẹ́ ti fìlà báyìí, ẹ wo ojú ẹ̀rọ níta: bí ẹ bá rí ihò tí wọ́n dí, níbi tí àwo ẹtù àti irin ìhaná ti wà tẹ́lẹ̀, akọ òkúta ni wọ́n fi bí i.

Àwọn ẹ̀tàn mélòó kan kù. Lára maple gidi, ilà náà wà nínú igi. Bí ẹ bá yí ìbọn náà níwájú fèrèsé, ibi tí ó dúdú yóò di fífúyẹ́, ibi tí ó fúyẹ́ yóò sì di dúdú. Ilà tí kò yí padà nínú ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀dà. Henry Leman ti Lancaster, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1834, kun ilà sára ọ̀pọ̀ ìbọn tí ó ṣe fún títà fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí náà ọ̀dà kì í ṣe ẹ̀rí èrú, ṣùgbọ́n yóò yí ọdún padà. Ẹ sì ṣí àpótí àkísà, kí ẹ tan iná sínú rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ rí ojú ìgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò dán, igi tí ọ̀rá ti sọ di dúdú ní ìsàlẹ̀ jù, àti etí tí ó bá idẹ mu rẹ́gí. Bí igi inú rẹ̀ bá mọ́ bíi ti àná, tàbí tí ihò ìṣó àtijọ́ kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó di idẹ mú nísinsìnyí, ìbọn mìíràn ni ó ni òdòdó yín.

Láti inú ohun tí ẹ kọ, ínṣì 59, maple onílà, òdòdó, àti ẹ̀rọ Ketland, n kò lè gbà pé ọdún 1770 ni. Bí rúlà bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn igi náà, tí ìbú ìdí rẹ̀ sì súnmọ́ ínṣì kan ààbọ̀, n ó pè é ní iṣẹ́ Lancaster tí wọ́n ṣe láàárín 1790 sí 1820. Bí rúlà bá fì, kí a tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ìhà Berks. Ẹ ya àwòrán mẹ́rin fún mi nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán: gbogbo ìdí láti ẹ̀gbẹ́, ìdí náà láti òkè, inú àpótí àkísà, àti ojú òkè àgbá láti ibi tí ẹ̀rọ wà dé àárín, pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì tí ẹ mú tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí létà tí ó ti parẹ́ lè yọ. Ẹ má fi kànrìnkàn tàbí ìyẹ̀fun kankan dán idẹ náà kí ẹ tó yà á. Àwọ̀ dúdú tí ó wà nínú àwọn ilà òdòdó yẹn wà lára ohun tí n ó fi mọ̀ bóyá ọjọ́ kan náà ni òun àti igi náà jáde láti ṣọ́ọ̀bù.